Ọkọ̀ Pupa Tí A Fi Ń Retí Àbúrò Mi

Ọjọ́ tí àbúrò mi gbé ọkọ̀ pupa náà wọ Ìlá, orí ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá, ó to pákó lé e lórí bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bá àwọn òyìnbó Ítálì tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Èkó. Ọ̀gá rẹ̀ gbé ọkọ̀ eré ìje tirẹ̀ wá láti ìlú wọn, àgbàrá òjò sì bò ó mọ́lẹ̀ lọ́dún kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan. Nígbà tí iṣẹ́ títì parí tí ọ̀gá ń lọ sílé, ó ní kí àbúrò mi máa gbé e lọ. Bó ṣe gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé ìyá wa nìyẹn.

Ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìbàdí mi lọ. Ìjókòó méjì péré ló ní, ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó mọ ara wọn máa ń gbé ẹrù sí. Ìyá wa yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bèèrè ibi tí wọ́n máa ń kó iṣu sí nínú rẹ̀. Àbúrò mi ní wọn kì í kó iṣu sí i.

Wọ́n ní, "Kí ló wá ń ṣe láyé?"

Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ ni ìyá wa ń sọ. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an, ẹni tó ń kà á lọ́nà jíjìn á sọnù, nítorí náà Yorùbá tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa nílé ìwé ni mo fi ń kọ ọ́. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ó dùn ju báyìí lọ, ó sì máa ń ta ju báyìí lọ.

Ó lé lọ́dún kan tí àbúrò mi fi ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ yẹn. Iṣẹ́ ti wọ́n nígbà náà, gbogbo nǹkan ló le. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí Ítálì, ó ní òun mọ èdè wọn díẹ̀, òun mọ ọkọ̀ wọn, wọn ò ní ṣàìrí iṣẹ́ fún òun. Mo bá a jà. Mo ní ta ló sọ fún un pé wọn ò ní mẹkáníìkì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Ó padà sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó gbọ́wọ́ lé orí ọkọ̀ náà, ó ní, "Ìyá, ọkọ̀ yìí ni mo máa fi gbé yín lọ sílé bàbá yín. Èmi lósì, ẹ̀yin lọ́tùn-ún. Kò sáyè fún ẹlòmíràn."

Òkè-Ìlá ni wọ́n ti bí ìyá wa. Mo bi í pé èmi ńkọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin ẹ gun ọ̀kadà."

A rẹ́rìn-ín. Ìyá wa náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín tí a máa fi ṣe oúnjẹ jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Kò sí fóònù nílé wa. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe láyé ìgbà náà. Ẹni tó wà lókè òkun á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Àwọn ará ilé náà á jókòó yí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ká, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á sì sọ tiwọn padà. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí èyí àkọ́kọ́ tó dé. Ohùn àbúrò mi ló wà níbẹ̀, ó ń kí gbogbo wa, ó ń ṣàpèjúwe òtútù, ó ní ara òun le. Kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó yí kan pé ká dá a lóhùn, mo tẹ rédíò, mo gbé e síwájú ìyá wa. Wọ́n fi ọwọ́ tì í padà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ kàn kí i."

Wọ́n ní, "Tó bá ti gbọ́ ohùn mi lọ́hùn-ún, kí ló kù tó máa wá gbọ́ nílé?"

Mo bẹ̀ wọ́n, mo pariwo, mo sọ pé ìwà ìkà ni. Wọn ò yẹsẹ̀. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a rán lọ, ohùn gbogbo ará ilé ló wà níbẹ̀ àyàfi tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá tí kò ní parí sí "Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ ní kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀."

Ó dùn mí pé mo bá ìyá wa jà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ohun tí wọ́n ń fi ohùn wọn ṣe gan-an ni èmi náà padà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ṣe. Mo gbà lọ́kàn mi pé tí ọkọ̀ pupa yẹn bá lè ṣiṣẹ́, tí àbúrò mi bá gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, yóò wálé wá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Tíṣà ni mí, mi ò mọ sípánà yàtọ̀ sí súkùrù. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Àwa mẹ́rin la para pọ̀. Èkíní ni mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Òkè-Ìlá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti àbúrò mi ti kọ́ṣẹ́. Èkejì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Láti kékeré ló ti ń gé àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ láì fojú kan ọ̀kan rí. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Ìlá tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn, tó máa ń wálé lọ́dún Àjíǹde àti Kérésìmesì, òun ló ń bá wa wá ọ̀dà àti àwọn nǹkan tí kò sí nílé. Ẹ̀kẹrin ni èmi, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì ń kanra mọ́ wọn.

Ọjọ́ Sátidé la máa ń pàdé. Wọ́n da kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì tó gan náà, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n ń wá tì í wò bí ẹni ń ji ọ̀lẹ lójú oorun. Lọ́jọ́ tó yí, olùkọ́ físíìsì fò sókè, ó fi orí gbá igi máńgòrò. Ẹni tó ń rán báàgì ló bá wa rán ìjókòó. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kan, tí ẹ bá ti ibẹ̀ wò, ẹ máa rí adìyẹ. A lẹ irin mọ́ ọn. Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí ò níṣẹ́." Lẹ́yìn náà wọ́n á bèèrè bóyá àwọn lè jókòó sí i díẹ̀.

Nígbà tó wá gbaná, inú mi dùn títí mo fi sunkún, ṣùgbọ́n ariwo tó ń pa kò dáa. Ó ń wúkọ́, ó ń tutọ́ epo, ó ń kú lójijì. Mo gbé rédíò sí i lẹ́yìn, mo gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo fi ránṣẹ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, èsì dé.

Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ mi léèrè, ta ló yọ tẹmositáàtì?"

Irin kékeré kan ni, ó máa ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa tí kì í yọ ọ́ jù nù. Wọ́n ní oòrùn ilẹ̀ wa gbóná tó. Mẹkáníìkì wa la ẹnu, kò lè pa á dé. "Ó gbọ́ ọ láti Ítálì?"

Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ lọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ́ńjìnnì yẹn kò gbóná rárá, òun gbọ́ ọ nínú ikọ́ rẹ̀, àti pé òun mọ̀ wá dáadáa. Ó fi tuntun ránṣẹ́, ó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan. Mẹkáníìkì mú irin, ó kó ìtìjú rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìyá wa mú ìbọ̀sẹ̀. Mo ní kí n bá wọn fọ̀ ọ́, wọ́n wò mí bí ẹni fẹ́ jà. Abẹ́ Bíbélì wọn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, bó ṣe dé náà ló sì wà.

Bí a ṣe ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti òkun dé òkun nìyẹn. A ó rán ohùn rẹ̀ lọ, oṣù mélòó kan á kọjá, èsì á dé, a ó yí súkùrù kan. Kábúrétọ̀ mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì tó fi ń fa afẹ́fẹ́. Àbúrò mi ní ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ga ju èkejì lọ. Ó ní ká gé rọ́bà omi ní gígùn apá kan, ká fi ẹnu kan rẹ̀ sí ẹnu kábúrétọ̀, ká fi ìkejì sétí. Òòlù ti ba etí mẹkáníìkì jẹ́. Olùkọ́ físíìsì fẹ́ lọ yá ẹ̀rọ kan wá ní yàrá ìwádìí. Èmi ni mo gbé rọ́bà sétí.

Lákọ̀ọ́kọ́ ariwo lásán ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ní sùúrù, ó máa ń yanjú. Ẹnu kẹta ń mí kúkúrú bí ẹni tí òtútù mú. Ìkẹfà ń fa jù. Mo dé ibi tí mo lè dijú kí n sọ èyí tó jẹ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń ronú pé àbúrò mi náà ń fetí sí wọn báyìí lọ́hùn-ún, àwa méjèèjì lẹ́nu ẹ́ńjìnnì kan náà, ọkàn mi á sì fà sí i débi pé màá gbàgbé láti sọ fún mẹkáníìkì pé kó yí súkùrù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bọ́ sí i. Ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń mí pọ̀. Ọkọ̀ náà kò wúkọ́ mọ́, ó ń kùn, ẹ óò sì mọ̀ pé agbára ńlá kan ló ń mú mọ́ra. Mo gbé rédíò sí ojú fèrèsé ilé ìdáná kí atẹ́gùn má bàa bà á jẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì ń tẹ iná, inú wa ń dùn, a ń pariwo mọ́ra wa. Ará Ìbàdàn, tó wálé ọdún Kérésìmesì, ń padà síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án yẹn, ó sì mọ ẹni tó ń lọ sí Ítálì lọ́sẹ̀ náà. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo fún un, mi ò gbọ́ ọ wò.

Èsì yá lọ́tẹ̀ yìí. Àwa mẹ́ta tó wà nílé àti ìyá wa la jókòó tì í.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ́ńjìnnì yẹn ti dáa. Mi ò lè purọ́. Ọ̀gá mi òyìnbó gan-an, bóyá ló ṣe é báyẹn rí." Mẹkáníìkì na apá rẹ̀ méjèèjì sókè. "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ tán. Nígbà tó dé ìdajì, mo gbọ́ Ìyá."

A wo ojú ara wa. Inú ilé ìdáná ni ìyá wa wà lọ́jọ́ náà. Èéfín ọkọ̀ ti wọlé bá èlùbọ́ tí wọ́n sá sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n sì jágbe mọ́ wa, ariwo kò jẹ́ ká gbọ́. Rédíò gbọ́. Àbúrò mi ka ọ̀rọ̀ wọn padà fún wa pẹ̀lú ohùn wọn gan-an: "Ẹ pa nǹkan yìí! Ẹ ti fi èéfín ba èlùbọ́ mi jẹ́! Ọlọ́kọ̀ ò sí nílé, ẹ ń fi ariwo ọkọ̀ rẹ̀ pa mí!"

Ó ní, "Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹnì kankan ò tíì bá mi wí ní Ìgbómìnà. Mo yí ibẹ̀ padà, mo tún yí i padà, títí tépù fi já. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sọ láti ọjọ́ yìí. Kò tún ọkọ̀ kankan ṣe rí ní Ítálì. Tòmátò ló ń já nínú oko olóko. Kò ní ìwé ìgbélùú. Tó bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé, tó bá sì wálé, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi wo ojú wa. Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá ti sọ pé ọkọ̀ ti ń dáa sí i, ṣe ni ojú ń ti òun sí i.

"Ẹ má fi ọkọ̀ yẹn dè mí mọ́. Mo ti fún yín, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ máa gbé e jáde, ẹ máa gbé e fúnra yín. Àǹtí mi, ẹ fi gbé Ìyá lọ sí Òkè-Ìlá. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ rédíò. Ẹ jẹ́ kí Ìyá bá mi wí díẹ̀ sí i."

Mo ń retí pé kí ìyá wa bú sẹ́kún, nítorí èmi ti ń sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n lọ wẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́rùn wọn.

Àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà yẹn láwọn ibì kan, ọkọ̀ wa kò sì lè kọjá lórí kòtò láìfi ikùn wọ́lẹ̀. Pákó tí àbúrò mi fi bò ó wá láti Èkó ṣì wà nílé. Mẹkáníìkì àti olùkọ́ físíìsì gbé méjì nínú wọn sórí ọ̀kadà, wọ́n ń lọ níwájú wa. Tí wọ́n bá dé ibi tó gbẹ́, wọ́n á tẹ́ pákó, màá gba orí rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún kó o lọ síwájú. Ọ̀nà Òkè-Ìlá kò jìn, ṣùgbọ́n ó gbà wá ní ọ̀sán gbogbo. Ọkọ̀ tó lè sáré ju gbogbo ọkọ̀ ìpínlẹ̀ wa lọ, ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá wa, wọ́n ń kí wa.

Ìyá wa jókòó lọ́tùn-ún, rédíò lórí itan. Wọ́n ní ó dà bíi pé wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jókòó lósì, síbi tí kì í ṣe tèmi, mi ò sì lè gbàgbé bẹ́ẹ̀ títí a fi dé.

Iwájú ilé bàbá wọn ni mo páàkì sí. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ rédíò, mo sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n fún wọn láyè, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ojú kásẹ́ẹ̀tì kan fi kún. Wọ́n pe oríkì rẹ̀. Wọ́n bá a wí pé kò jẹun tó, láìrí i. Wọ́n sọ fún un ẹni tó bímọ àti ògiri tó wó àti ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò lóyún. Wọ́n ní tòmátò kì í ṣe ohun ìtìjú, àwọn náà ń gbìn ín. Wọ́n ní, "Mo ní mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí o fi máa wá. Èmi ni mo ṣìṣe. Mo rò pé o lè wá, o ò fẹ́ wá ni."

Láti ọdún yẹn lọ la ti ń pín ọkọ̀ náà gbé. Ará Ìbàdàn ń gbé e lọ́dún Àjíǹde, olùkọ́ físíìsì lọ́dún Kérésìmesì, mẹkáníìkì nígbàkígbà tó bá ti purọ́ pé òun fẹ́ dán an wò. Àwọn ọmọ ìlú tó bá wálé ń bẹ̀ wá, a sì ń gbé wọn yí ká lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Èmi, Òkè-Ìlá nìkan ni mo máa ń gbé e lọ.

Ó pẹ́ kí èsì kásẹ́ẹ̀tì ìyá wa tó dé. A jókòó tì í bí a ṣe máa ń ṣe. A tẹ̀ ẹ́, a ò gbọ́ nǹkan kan. A yí i sí ojú kejì, bákan náà. Olùkọ́ físíìsì ní bóyá mágínẹ́ẹ̀tì ló pa á rẹ́ lọ́nà. Mẹkáníìkì ní bóyá kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Inú bí mi, mo ní ẹni tó ní etí tó báyẹn kò mọ̀ pé òun ò tẹ rédíò?

Ìyá wa ní ká dákẹ́. Wọ́n ní kí n lọ mú rọ́bà omi wá, èyí tí mo fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi ẹnu kan rẹ̀ síbi tí ohùn ti ń jáde lára rédíò, wọ́n fi ìkejì sétí, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí. Wọ́n di ojú wọn.

"Òun ni," wọ́n ní. "Ó ń mí. Bó ṣe máa ń mí nìyẹn tó bá ti sunkún tán, láti kékeré."

Mo na ọwọ́ pé kí wọ́n fún mi ní rọ́bà náà. Wọn ò fún mi. Nígbà tí ojú kìíní tán, wọ́n ní kí n yí i sí ìkejì.